Ìgbà Wo Ni Ìwé Yìí Yóò Parí?

Bí akẹ́kọ̀ọ́ tí ń kàwé fún oyè ọ̀mọ̀wé bá wá sílé ní àsìkò Àjíǹde tàbí Iléyá, kò ní tíì gbé báàgì kalẹ̀ tán tí ìbéèrè náà yóò fi dé. Ní Àrán-Ọ̀rin níhìn-ín, ẹnu ìyá ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ ti jáde. Ẹ̀gbọ́n bàbá yóò gbà á sọ, yóò sì kan aládùúgbò tí ó yà wá kí ẹni tí ó dé: "Ìgbà wo ni ìwé yìí yóò parí?" Kò sí ìkà nínú rẹ̀. Ẹni tí ó béèrè ti gbàdúrà fún ọ láàárọ̀ ọjọ́ náà gan-an. Síbẹ̀ mo mọ àwọn ọ̀dọ́ tí kò fẹ́ wá sílé mọ́ nítorí ìbéèrè kan ṣoṣo yìí.

Lẹ́tà tí ó mú mi kọ ti ọ̀sẹ̀ yìí wá láti ọwọ́ ọ̀dọ́mọbìnrin kan, ọmọ agbègbè wa, tí ó wà ní ọdún karùn-ún ìwádìí rẹ̀. Ó ní alábòójútó òun kò tíì ka orí kẹta tí òun fi lé e lọ́wọ́ láti oṣù mẹ́rin sẹ́yìn. Ó ní owó tí òun ń gbà níbi iṣẹ́ olùkọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ aládàáni kò tó san owó ilé àti owó yunifásítì pọ̀. Ìyá òun ti sọ fún àwọn ará ìjọ pé òun yóò gboyè ní ọdún yìí, àfẹ́sọ́nà òun sì ti béèrè bóyá ìwé ni òun fẹ́ fi ṣe ọkọ. Ó bẹ̀ mí kí n má dárúkọ òun. N kò ní dárúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó yọ̀ǹda kí n dáhùn ní gbangba, nítorí kì í ṣe òun nìkan ni ọ̀rọ̀ náà kàn.

Kì í ṣe pé agbègbè wa kò mọ yunifásítì. Ìlọrin ti ní tirẹ̀ láti 1975. Landmark bẹ̀rẹ̀ ní Òmù-Àrán ní 2011, ibẹ̀ kò sì jìnnà sí ibi tí mo jókòó sí kọ ọ̀rọ̀ yìí. Thomas Adewumi wà ní Òkó. A mọ ọjọ́ ìwọlé, a mọ aṣọ ìgboyè, a sì mọ ìrẹsì ọjọ́ ìgboyè dáadáa. Ohun tí a kò mọ̀ ni ohun tí ń ṣẹlẹ̀ láàárín, pàápàá fún àwọn tí ó padà sẹ́nu ẹ̀kọ́ lẹ́yìn oyè àkọ́kọ́.

Oyè àkọ́kọ́ ní aago tirẹ̀. Wọ́n á pín iṣẹ́ fún ọ, wọ́n á ṣe ìdánwò, wọ́n á gbé èsì jáde, ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún á sì yí po. Másítà náà ṣì ní díẹ̀ nínú aago yẹn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ènìyàn bá wọ ìwádìí oyè ọ̀mọ̀wé, kò sí ẹni tí yóò lu agogo fún un mọ́. Yóò kọ àbá ìwádìí, yóò gbé e síwájú àwọn olùkọ́ ẹ̀ka rẹ̀, wọn yóò sì dá a padà fún àtúnṣe. Yóò jáde lọ kó ọ̀rọ̀ jọ, yóò padà wá ṣàlàyé ohun tí ó rí. Yóò kọ orí kan, yóò tún un kọ, yóò tún un kọ lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí gbogbo rẹ̀ bá parí, wọn yóò wá olùyẹ̀wò ní yunifásítì mìíràn, ìwé náà yóò lọ sùn lórí tábìlì onítọ̀hún, kí ọjọ́ ìdánwò àfẹnusọ tó dé. Púpọ̀ nínú àwọn ìgbésẹ̀ wọ̀nyí ni kò sí ní ìkáwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ rárá.

Ẹ wá fi ìyanṣẹ́lódì kún un. Ti ASUU ní 2020 bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹta, ó sì di oṣù Kejìlá kí ó tó dáwọ́ dúró. Ti 2022 bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 14 oṣù Kejì, ó di ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá. Ẹni tí ó bẹ̀rẹ̀ ìwádìí ní yunifásítì ìjọba ní 2019, tí ẹ̀ka rẹ̀ sì wà nínú ìyanṣẹ́lódì méjèèjì, ti pàdánù nǹkan bí oṣù mẹ́tàdínlógún láìṣẹ̀ láìrò. Bí ẹ bá rí irú ẹni bẹ́ẹ̀ tí ó ti lo ọdún mẹ́fà, ẹ yọ oṣù mẹ́tàdínlógún kúrò kí ẹ tó sọ̀rọ̀.

Àbúrò mi, ohun àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ kí o ṣe ni kí o jókòó ti ìyá rẹ. Ìyá rẹ kò ka ìwé oyè ọ̀mọ̀wé, ṣùgbọ́n ó mọ ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín àgbàdo àti obì. Ẹni tí ó gbin àgbàdo ń retí àti jẹ ẹ́ kí òjò tó lọ. Ẹni tí ó gbin obì mọ̀ pé òun yóò ro ìdí rẹ̀ fún ọdún mélòó kan kí òun tó ká ohunkóhun, kò sì sí ẹni tí ń bi í ní ọdún kejì pé obì náà dà. Bá a sọ ọ́ báyìí. Mú ìwé pẹlẹbẹ kan, kọ ìgbésẹ̀ tí ó kù sí i ní Yorùbá, kí o sì fi hàn án ibi tí o dé. "Orí mẹ́ta ti wà nílẹ̀, ìkẹta wà lọ́wọ́ ọ̀gá mi, méjì ló kù" jẹ́ ọ̀rọ̀ tí ìyá lè gbé lọ sí ìjọ láìtijú. "Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ parí" kì í ṣe ìdáhùn. Ó ti gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹta. Má sì ṣe dá ọjọ́ fún un bí ọjọ́ náà kò bá sí lọ́wọ́ rẹ. Ọjọ́ ìgboyè tí a dá fún ìyá ẹni kì í dúró sí ẹnu rẹ̀ nìkan. Ó lè ti bẹ̀rẹ̀ sí í wo aṣọ ẹbí.

Ó ku alábòójútó tí kò kàwé.

Mo mọ̀ pé inú ń bí ọ. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ sọ òtítọ́ nípa àwọn olùkọ́ wọ̀nyí. Púpọ̀ nínú wọn ń kọ́ ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọ ilé ẹ̀kọ́, wọ́n ń ṣe àbójútó akẹ́kọ̀ọ́ másítà àti ti oyè ọ̀mọ̀wé pọ̀, wọ́n sì wà nínú ìgbìmọ̀ mẹ́ta. Nígbà ìyanṣẹ́lódì 2022, oṣù pọ̀ tí wọn kò gba owó. Orí ìwé olójú-ewé ọgọ́ta tí o fi ránṣẹ́ lórí íméèlì lè ti sọnù láàárín ọgọ́rùn-ún mìíràn. Nítorí náà, tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, kí o sì gbé e lọ fún un fúnra rẹ. Fi ojú-ewé kan ṣoṣo síwájú rẹ̀, tí yóò sọ ohun tí orí náà ń jiyàn lé lórí àti ibi mẹ́ta tí o ti nílò ìdájọ́ rẹ̀. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ dí lè ka ojú-ewé kan ní ìdúró. Nígbà tí o bá kí i tán, tí o sì ti dọ̀bálẹ̀ tàbí kúnlẹ̀ bí ó ti yẹ, má sọ pé "ìgbàkígbà tí ẹ bá ráyè, sà." Ìgbàkígbà kò sí nínú kàlẹ́ńdà ẹnikẹ́ni. Sọ pé, "Sà, ẹ jẹ́ kí n padà wá ní Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ kẹta, láago mẹ́wàá," kí o sì wá ní ọjọ́ náà.

Lẹ́yìn ìpàdé kọ̀ọ̀kan, kọ íméèlì kúkúrú sí i ní ọjọ́ náà gan-an: mo dúpẹ́, ohun tí ẹ ní kí n ṣe nìyí, ọjọ́ tí n ó mú un padà nìyí. Kò sí àìbọ̀wọ̀ nínú èyí. Bí ó bá sọ lẹ́yìn oṣù mẹ́fà pé òun kò sọ bẹ́ẹ̀ rí, ẹ ó jọ ní ohun tí ẹ ó wò. Bí oṣù mìíràn bá tún kọjá láìsí èsì, lọ bá olùdarí ètò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àgbà ní ẹ̀ka rẹ, kí o béèrè bóyá a lè fi alábòójútó kejì kún un. Ọ̀nà kejì yìí dára ju pípààrọ̀ ọ̀gá lọ. Ẹni tí o bá fi sílẹ̀ lónìí lè jókòó nínú ìgbìmọ̀ tí yóò yẹ ìwé rẹ wò lọ́la, kò sì sí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó fẹ́ ọ̀tá nínú yàrá yẹn.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí n kò lè fò, nítorí pé obìnrin ni ó kọ lẹ́tà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò mẹ́nu bà á. Iṣẹ́ díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀gá kò burú: ka ìdánwò pẹ̀lú rẹ̀, ràn án lọ́wọ́ níbi ìpàdé àwọn onímọ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá di pé o ń lọ gbé ọmọ rẹ̀ wá láti ilé ẹ̀kọ́, tàbí pé òru ni ó ń pè ọ́, ó ti kúrò ní àbójútó. Ní 2018, akẹ́kọ̀ọ́ másítà kan ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ gba ohùn ọ̀jọ̀gbọ́n kan sílẹ̀ bí ó ti ń bèèrè ìbálòpọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ kí ó tó fún un ní máàkì. Yunifásítì náà lé ọ̀jọ̀gbọ́n ọ̀hún kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ní oṣù Kẹfà ọdún náà, ilé ẹjọ́ gíga ti ìjọba àpapọ̀ ní Òṣogbo sì rán an lọ sẹ́wọ̀n ní oṣù Kejìlá. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rántí ariwo náà. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ rántí ni pé ẹ̀rí ni ó mú kí ẹjọ́ náà dé ibi tí ó dé. Ẹ pa àtẹ̀jíṣẹ́ mọ́, ẹ kọ ọjọ́ àti wákàtí sílẹ̀, ẹ sọ fún ẹnì kan tí ẹ gbẹ́kẹ̀ lé ní ọjọ́ tí ó ṣẹlẹ̀, kì í ṣe lẹ́yìn ọdún kan. Ẹ̀yin òbí, bí ọmọbìnrin yín bá sọ pé òun kò fẹ́ padà sí ọ́fíìsì ọkùnrin kan mọ́, ẹ má kọ́kọ́ bi í pé kí ni òun wọ̀.

Mo fẹ́ sinmi díẹ̀ lórí ìkójọ ọ̀rọ̀, nítorí ibẹ̀ ni ilé ti wúlò jù fún yín, tí púpọ̀ nínú yín kò sì mọ̀. Lẹ́tà náà sọ fún mi pé ìtàn àti àṣà ilẹ̀ Ìgbómìnà ni ọ̀dọ́mọbìnrin yìí ń ṣe ìwádìí lé lórí, ó sì ní òun "kò rí ohun tuntun sọ." Ẹ wo Ẹ̀síẹ̀ tí ó wà nítòsí wa yìí. Ní 1933 ni H. G. Ramshaw, alábẹ̀wò ilé ẹ̀kọ́ fún ìjọ CMS, fi ìròyìn àwọn ère òkúta ibẹ̀ tó àwọn aláṣẹ létí. Ní 1945 ni wọ́n ṣí ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí níbẹ̀, òun sì ni èkíní ní gbogbo Nàìjíríà. Ère náà ju 800 lọ. Phillips Stevens, ará Amẹ́ríkà, ṣiṣẹ́ lórí wọn, ó sì tẹ ìwé jáde ní 1978. Títí di òní olónìí, àwọn onímọ̀ kò tíì fẹnu kò lórí ẹni tí ó gbẹ́ wọn. Ìbéèrè tí ó tóbi tó báyìí wà ní ibi tí ọ̀kadà lè gbé ọ dé kí oúnjẹ ọ̀sán tó jiná, ẹnì kan sì ń sọ pé kò sí ohun tuntun.

Bẹ́ẹ̀ náà ni orúkọ wa. Ìtàn tí à ń sọ ni pé Ogbó, àdá tí Òràngún gbé kúrò ní Ifẹ̀, ni ó mọ ọ̀nà, láti ibẹ̀ ni a ti ń jẹ́ Ìgbómìnà. Ẹ lọ bi ìlú mẹ́ta léèrè, ẹ ó gbọ́ ọ ní oríṣi mẹ́ta. Ẹni tí kò kọ́ṣẹ́ yóò bínú pé àwọn àgbà ń parọ́. Fún akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn, ìyàtọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yẹn gan-an ni iṣẹ́ tí a rán an: ta ni ó ń sọ èyí, irú ilé wo ni ó ti wá, kí sì ni ilé náà ń jèrè nínú rẹ̀?

Karin Barber, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lọ gbé ní Òkukù fún ọdún mẹ́ta láàárín àwọn ọdún 1970 láti kọ́ nípa oríkì. Yunifásítì Ifẹ̀ ni ó ti gba oyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀ ní 1979, ìwé tí ó ti inú iṣẹ́ náà jáde kò sì dé ọwọ́ ará ayé títí di 1991. Ọdún méjìlá, àbúrò mi. Kì í ṣe ìwọ nìkan ni ìwé ń pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Àmọ́ ọmọ ilé ní ìṣòro tí àjèjì kò ní. Bí àjèjì bá béèrè ìtumọ̀ ohun kan, àwọn àgbà á ṣàlàyé láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀. Bí ìwọ bá béèrè, wọn yóò rẹ́rìn-ín pé ṣé o kò mọ ìyẹn ni, wọn yóò sì fò ó. Àwọn ìbéèrè kan wà pẹ̀lú tí ọmọ ilé kò lè fi ẹnu ara rẹ̀ bi àgbà, ti ogún àti ti ìjà ìdílé ni ó pọ̀ jù. Bí ó bá sì jẹ́ ti Egúngún, tí a mọ Ìgbómìnà mọ́, ibi kan wà tí a kò ní jẹ́ kí obìnrin kọjá. Má fi agídí wọ ibẹ̀. Kọ ọ́ sínú ìwé rẹ pé ibi tí wọ́n dá mi dúró nìyí, kí o sì sọ ìdí rẹ̀. Ìyẹn náà jẹ́ ìmọ̀. Fún àwọn ìbéèrè yòókù, wá ẹnì kan láti agboolé mìíràn kí ó bá ọ jókòó, kí ó máa ṣe bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan.

Má mú ìwé àti bírò jáde kí ìkíni tó parí. Sọ ohun tí o fẹ́ fi ọ̀rọ̀ náà ṣe. Béèrè kí o tó tan ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀, bí wọ́n bá sì ní kí o pa á, pa á. Nígbà tí o bá parí, dá ẹ̀dà kan padà fún ìdílé náà. Àwọn tí wọ́n wá kó ọ̀rọ̀ lọ láìpadà wá pọ̀ tó ní ilẹ̀ yìí. Kí o sì tètè lọ, nítorí àwọn tí ó mọ̀ ọ́n ti darúgbó.

Ti owó ni ó kù, n kò sì ní fi ọ̀rọ̀ dídùn bò ó mọ́lẹ̀. Iṣẹ́ olùkọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ aládàáni kò lè gbé ilé àti yunifásítì pọ̀. Bí yunifásítì rẹ bá ní iṣẹ́ olùrànlọ́wọ́ olùkọ́, béèrè rẹ̀ kí o tó béèrè ohunkóhun mìíràn. Bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ìwé rẹ bá ti wà nílẹ̀, tí kíkọ nìkan ló kù, rò ó dáadáa bóyá o kò lè wá sílé fún oṣù mẹ́fà. Àrán-Ọ̀rin kò ní gba owó ilé lọ́wọ́ rẹ. Mo mọ̀ pé iná kì í dúró, détà a sì máa fà, ṣùgbọ́n kíkọ ìwé kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì ní gbogbo ọjọ́.

Àwọn mìíràn tí ń kọ̀wé sí mi ti gbójú sí òkè òkun, ìdílé wọn sì ti ń wá ẹni tí yóò ra ilẹ̀. Kí ilẹ̀ ìdílé tó lọ, ẹ gbọ́ èyí. Náírà tí ó wà ní nǹkan bí 460 sí dọ́là kan ní ọjà ìjọba kí oṣù Kẹfà 2023 tó dé ti kọjá 1,500 ní 2024. Láti ọjọ́ 1 oṣù Kìíní 2024, akẹ́kọ̀ọ́ tí ń lọ ka másítà olólùkọ́ ní Bìrìtìkó kò lè mú ọkọ, aya tàbí ọmọ dání mọ́. Àwọn tí ń ṣe ìwádìí fún oyè ọ̀mọ̀wé ṣì lè mú wọn. Láti oṣù Kejì ọdún yẹn, owó ìlera nìkan di 776 pọ́n-ùn lọ́dún fún akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan. Owó ìtọ́jú ara sì gbọ́dọ̀ ti wà nínú àkáǹtì fún ọjọ́ 28 gbáko kí a tó béèrè físà. Nítorí ọjọ́ 28 yìí ni àwọn kan ṣe ń yá ènìyàn lówó ìfihàn lásán, tí wọn yóò sì gba èlé gọbọi. Ẹni tí ó fi owó ìfihàn wọ òkè òkun kò ní nǹkan kan lọ́wọ́ ní ọjọ́ tí ó bá balẹ̀.

Bí ó bá jẹ́ oyè ọ̀mọ̀wé ni o ń wá ní òkè òkun, ìdájọ́ tèmi ni pé má ṣe fi owó ara rẹ san án. Ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ yunifásítì ń fún akẹ́kọ̀ọ́ oyè ọ̀mọ̀wé ní iṣẹ́ ìkọ́ni tàbí ìwádìí, wọ́n ń san owó ẹ̀kọ́ rẹ̀, wọ́n sì ń fún un ní owó oṣù kékeré. Jámánì ní DAAD. Ètò Commonwealth ti wà láti 1959. Chevening wà fún másítà ọlọ́dún kan, ó sì ń bèèrè ìrírí iṣẹ́ ọdún méjì. DAAD, Commonwealth àti Chevening kì í gba owó fọ́ọ̀mù. Ẹni tí ó bá ní òun yóò bá ọ gba sìkọ́láṣíìpù pẹ̀lú ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba náírà fẹ́ jẹ ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba náírà ni.

Àfẹ́sọ́nà rẹ ńkọ́? Mo ka gbólóhùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé ó ti rẹ̀ ẹ́, pé ó ń dúró láìmọ ohun tí ó ń dúró dè; bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, fi ìwé ìgbésẹ̀ tí o kọ fún ìyá rẹ hàn án. Ẹ sọ̀rọ̀ nípa ibi tí ẹ ó gbé, nípa ọmọ, nípa ẹni tí yóò gbọ́ oúnjẹ ní ọ̀sẹ̀ tí orí karùn-ún bá ń jáde. Ó sì ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé ìwé náà gan-an ni ó ń dùn ún. Ìwọ nìkan ni o lè mọ èyí tí ó jẹ́, kí ìgbéyàwó tó dé ni ó sì yẹ kí o mọ̀ ọ́n. Àwọn ará ilé tí ń sọ pé ìwé púpọ̀ kì í jẹ́ kí obìnrin rọ́kọ fẹ́ kò tíì gbọ́ nípa Grace Alele-Williams. Ó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Chicago ní 1963, ó ṣe ìgbéyàwó, ó bí ọmọ márùn-ún, ó sì di gíwá Yunifásítì Benin ní 1985, obìnrin àkọ́kọ́ tí yóò wà ní irú ipò bẹ́ẹ̀ ní Nàìjíríà. N kò sọ pé ó rọrùn fún un. Mo kàn ń sọ pé àwọn méjèèjì ti gbé inú ilé kan rí.

O kọ ní ìsàlẹ̀ lẹ́tà rẹ, bí ẹni tí kò fẹ́ kí n rí i, pé o kì í sùn mọ́, pé ọkàn rẹ a máa já bí fóònù bá dún. Èyí ni mo fẹ́ kí o mú ní kánkán jù. Ìwádìí kan tí ó jáde nínú ìwé ìròyìn Nature Biotechnology ní 2018 bi akẹ́kọ̀ọ́ 2,279, tí púpọ̀ wọn jẹ́ ti oyè ọ̀mọ̀wé, ní orílẹ̀-èdè 26. Ìdá 41 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ní àníyàn tí ó ti kọjá kèrémí, ìdá 39 sì ní ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ní irú ìwọ̀n bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, kì í ṣe ọ̀tá ilé ni ó ń ṣe ọ́, kì í sì í ṣe pé orí rẹ kò pé. Ó jẹ́ ohun tí ilé ìwòsàn yunifásítì mọ̀, tí wọ́n sì lè tọ́jú. Lọ síbẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ yìí, kí o sì sọ ti àìsùn náà bí o ti sọ ọ́ fún mi. Bí àdúrà bá ń tù ọ́ nínú, gbà á, kí o sì lọ síbẹ̀ pẹ̀lú. Wá àwọn méjì mìíràn tí wọ́n ń kọ ìwé, kí ẹ máa pàdé ní Sátidé, kí ẹ jókòó sí tábìlì kan fún wákàtí mẹ́ta láìsọ̀rọ̀, kí ẹ kọ̀wé, kí ẹ sì jọ jẹun lẹ́yìn rẹ̀. Ìdánìkanwà ni ó ń pa ìwé, ju àìmọ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ kékeré kan fún gbogbo ẹ̀yin tí kò kọ lẹ́tà. Nínú ọkọ̀ èrò láti Ìlọrin sí ibí, mo máa ń rí àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n gbé báàgì kọ̀ǹpútà alágbèéká lé ẹsẹ̀, tí wọ́n sì dì í mú bí ọmọ tuntun. Bí mo bá bi wọ́n pé níbo ni ẹ̀dà ìwé náà wà, wọn a ní inú rẹ̀ ni. Kí ẹ tó sùn lálẹ́ òní, ẹ fi ìwé náà ránṣẹ́ sí íméèlì ara yín, ẹ dà á sórí fíláṣì kan, kí ẹ sì fi fíláṣì náà sọ́dọ̀ ẹni tí kò bá yín gbé. Ọ̀dọ̀ ìyá yín dára fún un.